Kòkó inú fọ́tò

Ìyá mi fẹ́ fi owó ìfẹ̀yìntì wọn ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ kan. Ìwé ìṣirò ilé-iṣẹ́ náà sọ pé àká rẹ̀ ní Àpòmù kún fún kòkó gbígbẹ. Mo gun ọ̀kadà láti Ìkirè lọ wò ó. Ẹ̀rù ń bà mí, ojú sì ń tì mí bí ẹni fẹ́ jalè. Ṣùgbọ́n n kò gbọ́ òórùn kòkó, bẹ́ẹ̀ òórùn kòkó kì í pamọ́ fún ọmọ Ìkirè.

"Ẹ kúuṣẹ́, bàbá. Kòkó dà?"

Bàbá tó ń ṣọ́ ibẹ̀ rẹ́rìn-ín, wọ́n ṣílẹ̀kùn. "Kòkó fọ́tò nìyẹn. Wọ́n yá a ni. Bí wọ́n ṣe ya fọ́tò tán, ẹni tó ni ín kó o lọ."

Mo ya ilẹ̀ òfìfo náà, mo fi han ìyá mi. Mo wá kọ lẹ́tà sí àjọ tó ń ṣọ́ ọjà ìpín. Mo fi orúkọ mi sábẹ́ rẹ̀.