Ìrù Ẹfọ̀n Bàbá Àgbà

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Iléṣà, kò sẹ́ni tó ń sọ fún wa lórí rédíò pé ọyẹ́ ti dé. Ara wa la fi ń mọ̀ ọ́n. Ètè á bẹ́, gìgísẹ̀ á là, ẹ̀rín gan-an á di ohun tí èèyàn ń ṣọ́ra rín. Tí ilẹ̀ bá ti mọ́, ìyá mi á pè mí jókòó, á fi òrí pa mí láti orí dé ẹsẹ̀ títí n ó fi máa dán bí àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú epo. Kí n tó dé ojú títì, eruku á ti lẹ̀ mọ́ òrí náà, n ó sì funfun bí ẹni tó sùn sínú eérú. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ ò ní sọ pé irọ́ ni mo ń pa.

Láàárọ̀ bẹ́ẹ̀, a ó kọ́kọ́ lọ pọn omi lẹ́nu ẹ̀rọ, omi tó tutù débi pé ọwọ́ á kú, a ó gbá àgbàlá, ká tó lọ yáná lẹ́yìn ilé lọ́dọ̀ Bàbá Àgbà. Bàbá Àgbà ni bàbá tó bí bàbá mi. Ọdẹ ni. Èèyàn kúkurú ni, ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ọjọ́ ìkórè nìkan ló sì máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kó lè wo ohun tí àwọn àgbẹ̀ kó wá. Iṣu ló máa ń sun fún wa. Epo pupa á ti dì sínú àwo nítorí òtútù, ooru iṣu ni yóò yọ́ ọ, a ó sì jókòó yí i ká, kálukú á máa fẹ́ atẹ́gùn sọ́wọ́ ara rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo ló ní, Bàbá Jídé, alágbẹ̀dẹ tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa. Bàbá Jídé ló ń tún ìbọn rẹ̀ ṣe, kì í sì í gba kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹran yòówù tí ìbọn náà bá pa, ọrùn rẹ̀ ti Bàbá Jídé ni. Kò sẹ́ni tó jókòó ṣe òfin rẹ̀. Bí ẹran bá ti wọlé, èmi ni wọ́n máa ń gbé ọrùn lé lórí pé kí n sáré gbé e sọdá. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, àwọn méjèèjì á jókòó sábẹ́ igi máńgòrò Bàbá Jídé, wọ́n á máa ta ayò, wọ́n á máa bú ara wọn ní ẹni tí kò mọ ayò ta. "Ọ̀pẹ ni ọ́! Ọ̀pẹ ni wàá kú sí!" Èébú tí wọn ì bá nà mí sí, òun ni wọ́n fi ń ṣeré.

Lọ́dún tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń ná náírà, Bàbá Àgbà lọ sígbó, ó pa ẹfọ̀n. Ó ní bí ẹfọ̀n náà ṣe ṣubú, òun gé ìrù rẹ̀ sápò, nítorí ọdẹ tó bá pa ẹran tó ju agbára rẹ̀ lọ, tó ní láti lọ pe èèyàn wá rù ú, ìrù ni yóò mú dání kí ẹlòmíràn má baà sọ pé òun ló pa á. Kò tíì rìn jìnnà tó fi pàdé àwọn èèyàn yunifásítì kan tí wọ́n pàgọ́ sínú igbó, tí wọ́n ń kó ẹranko àti ẹyẹ jọ sí ilé kan tí aráyé yóò máa wá wò. N kò ní dárúkọ yunifásítì náà, nítorí ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ níwájú. Wọ́n bẹ Bàbá Àgbà pé kí ọ̀bẹ má tún kan ẹran náà mọ́, odidi làwọn fẹ́ gbé e. Wọ́n fún un lówó díẹ̀ àti súwẹ́tà kan, wọ́n gbé ẹfọ̀n sínú ọkọ̀ wọn, wọ́n lọ. Bàbá Àgbà wálé pẹ̀lú ìrù, láìsí ẹran.

Ó fi ìrù náà kọ́ ara ògiri yàrá rẹ̀, gbogbo àdúgbò sì wá wò ó. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, lábẹ́ igi máńgòrò, níṣojú gbogbo àwọn tó ń wòran ayò, Bàbá Jídé ní, "Ìrù ọjà nìyẹn. Ẹ sáà bá mi bi í, ẹfọ̀n wo ni ọdẹ ń pa tí ìkòkò kankan kì í ta sánsán?" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá Àgbà dìde, ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀, ó sọdá wálé.

Láti ọjọ́ náà ni kò ti dé abẹ́ igi yẹn mọ́. Ìbọn rẹ̀ bàjẹ́, kò gbé e sọdá, kò sì gbé e fún alágbẹ̀dẹ mìíràn. Láàárọ̀ á jókòó ti iná, nírọ̀lẹ́ á jókòó síwájú ilé, á máa wo òdìkejì títì bí ẹni tó gbàgbé nǹkan síbẹ̀. Ó dùn mí gan-an ni. Mo fẹ́ kí ó padà síbi ayò rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ni ọmọdé fẹ́ ṣe sí ìjà àgbà?

Tèmi wà níléèwé. Káyọ̀dé, ọmọ ọmọ Bàbá Jídé, kíláàsì kan náà la wà. Ó sọ mí ní "Ọmọ Onírù". Bí mo bá ń kọjá, á fi ọwọ́ ṣe ìrù sẹ́yìn, á máa jù ú. Lọ́jọ́ kan mo fi rúlà onígi gbá a lórí. Rúlà kán, orí ò ṣe nǹkan kan. Tíṣà ní kí n kúnlẹ̀, kí n na ọwọ́ sókè títí agogo fi lù. Nígbà tí mo délé, ìyá mi nà mí nítorí rúlà. Láyé ìgbà náà, pé èèyàn ti jẹ ìyà níléèwé ò ní kó má jẹ tilé.

Nígbà tí ọyẹ́ tún yí po, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lẹ́yìn ọdún Kérésìmesì, tíṣà wa kéde pé a ń lọ sí yunifásítì yẹn, a fẹ́ lọ wo ilé tí wọ́n kó ẹranko àti ohun àtijọ́ sí. Mo sáré lọ sọ fún Bàbá Àgbà. Ó ń yí iṣu lórí iná, kò gbójú sókè.

"Bí o bá rí i," ó ní, "má wulẹ̀ wo orí rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí o wò. Kò ní ìrù."

Ó tún yí iṣu. "Kí ọmọ òdìkejì náà wò ó."

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ló rán mi yẹn.

Ọkọ̀ onípákó ni wọ́n háyà fún wa. Ọyẹ́ bo títì, a ò rí igi kòkó tó wà lẹ́bàá ọ̀nà dáadáa. Súwẹ́tà Bàbá Àgbà ni mo wọ̀, ó dé mi lórúnkún, ó ń rùn bí èéfín àti tábà. A kọrin títí eruku fi dí wa lọ́fun. Ìyá mi di ìrẹsì sínú ewé fún mi pẹ̀lú odidi ẹyin sísè kan, ohun tí n kì í rí jẹ àfi lọ́jọ́ ọdún. Mo ti jẹ ẹ́ tán kí a tó dé ìdajì ọ̀nà.

Bí wọ́n ṣe ṣílẹ̀kùn, òórùn kafúrà tí wọ́n fi ń lé kòkòrò ló kọ́kọ́ pàdé wa. Inú ilé náà tutù ju ìta lọ. Tíṣà ní kí a tò, kí a di ọwọ́ sẹ́yìn, ẹni tó bá fọwọ́ kan nǹkan á rí pàṣán. Ejò ká jọ sínú ìgò. Àwọn ẹyẹ tí a máa ń sọ lókùúta dúró sórí ẹ̀ka, wọn ò fò. Akíka wà níbẹ̀, òòrẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ní yàrá kejì, mo rí ọlọ kan tí kò yàtọ̀ sí èyí tí ìyá mi fi ń lọ ata, àfi pé wọ́n gbé tibí sínú gíláàsì. Wọ́n wọ aṣọ òfì fún ère kan, wọ́n gbé e jókòó. Ọmọbìnrin tó wà níwájú mi kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ mà," ó sì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń retí kí ìyá náà dá a lóhùn. A ò lè fi í rẹ́rìn-ín, nítorí àwa tó kù náà ti ń tẹ orúnkún bọ̀.

Ẹfọ̀n wà ní yàrá tó kẹ́yìn. N ò mọ̀ pé ó tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ara rẹ̀ pupa bí ilẹ̀ Iléṣà, ìwo rẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn, gíláàsì ni wọ́n fi ṣe ojú rẹ̀. Èmi ò dúró wo ojú. Mo gba ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ sẹ́yìn rẹ̀, bí wọ́n ṣe rán mi.

Ìrù wà níbẹ̀. Ìrù gígùn, ó rọ̀ sílẹ̀, irun dúdú wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Káyọ̀dé ti wà lẹ́yìn mi. "Ìrù rẹ̀ nìyí o! Ẹ wá wò ó! Àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí!" Ọmọ yẹn gbọ́ òwe, wàhálà rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo kíláàsì yíjú sí mi. Ẹkún gbọ̀n mí. Kì í ṣe yẹ̀yẹ́ wọn ló ń pa mí lẹ́kún. Bàbá Àgbà ni mo ń rò. Bí mo bá délé tí mo ní mo rí ìrù, mo ti pè é ní onírọ́ lójú ara rẹ̀. Bí mo bá ní n ò rí i, Káyọ̀dé á sọ tirẹ̀ ní òdìkejì títì.

N ò fẹ́ kí wọ́n rí omi lójú mi, mo bá tẹ orí ba, mo kọjú sí ìdí ẹfọ̀n. Ibi tí mo tẹ orí ba sí ni mo ti rí i. Ara ẹran náà pupa, ṣùgbọ́n ibi tí ìrù ti so mọ́ ọn funfun báláú, òwú dúdú ni wọ́n sì fi rán an, bí ìyá mi ṣe ń rán àpò tó ya. Dúdú tó wà nísàlẹ̀ ńkọ́? Òórùn pólíìṣì bàtà ló ń jáde lára rẹ̀.

"Ìrù màlúù ni!" Mo ti pariwo kí n tó mọ̀.

Tíṣà gbé pàṣán bọ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ń nu gíláàsì níbẹ̀ ti bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ yìí mà lójú o! Ìrù màlúù ni lóòótọ́. Nígbà tí wọ́n gbé e dé, kò nírù, ọdẹ tó pa á ti gé e lọ. Ọ̀gá wa ní ẹran tí kò nírù ò ṣeé fi han àlejò, ló bá rán mi sọ́dọ̀ alápatà."

Mo wo Káyọ̀dé. Ó ti gbọ́. Ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ó sì pa á dé.

Nínú ọkọ̀ tí à ń bọ̀, kò sọ nǹkan kan. Ta ni yóò gba ẹ̀rí èmi ọmọ ọmọ gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ bàbá mi àgbà? Ẹnu Káyọ̀dé nìkan ni Bàbá Jídé lè gbà á gbọ́. Mo fún un ní gúgúrú tó kù lọ́wọ́ mi. Ó jẹ ẹ́ tán, ó kọjú síta.

Mo ròyìn fún Bàbá Àgbà. "Ìrù màlúù?" Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Ó wá bi mí pé ta ló tún gbọ́ ọ. Mo ní Káyọ̀dé. Ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró.

"Ó dáa," ó ní. "A ó máa wò ó."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Bàbá Jídé sọdá pẹ̀lú ọpọ́n ayò lábẹ́ abíyá. Bàbá Àgbà rí i, ó kọjú síbòmíràn. Bàbá Jídé jókòó láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fún un níjòókòó.

"Káyọ̀dé ní ìrù màlúù ni wọ́n rán mọ́ ọn."

"Ó ní bẹ́ẹ̀?"

"Ó ní wọ́n fi pólíìṣì kùn ún."

Bàbá Àgbà ò rẹ́rìn-ín. "O pè mí ní onírọ́ láàárín èrò."

Bàbá Jídé ń da ọmọ ayò sínú ọpọ́n. "Mo mọ̀ pé o pa á. Ta ló ń tún ìbọn yẹn ṣe? Ọrùn mi dà? O gbé odidi ẹran fún àwọn tí o ò rí rí, o ò rántí pé ìpín ẹnìkan wà lára rẹ̀. Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà..." Kò parí òwe náà.

Mo ń fọ abọ́ nítòsí, mo gbàgbé abọ́ sílẹ̀. Láti ọjọ́ yìí wá, gbogbo wa rò pé ìrù ni wọ́n ń jà lé. Ọrùn ni.

Bàbá Àgbà dìde, ó wọlé, ó já ìrù náà lára ògiri, ó gbé e jáde.

"Òótọ́ lo sọ. N ò rántí rẹ, kò sì dáa. Ọrùn ti lọ. Èyí tó kù nìyí."

Bàbá Jídé fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó yí i síwá sẹ́yìn. "Eléyìí ò ṣeé sè."

"Kò ṣeé sè," ni Bàbá Àgbà wí. "Ta ayò, ọ̀pẹ."

Àwọn méjèèjì ti kú tipẹ́. Ìrù náà wà ní pálọ̀ Káyọ̀dé di òní, òun náà ti di bàbá àgbà. Lọ́yẹ́ tó kọjá, mo mú àwọn ọmọ ọmọ mi lọ sí ilé ẹranko yẹn. Wọ́n ti kun ògiri, wọ́n ti gbé fáànù kọ́. Irun ẹfọ̀n ti ń re, ìrù màlúù ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọmọ náà fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n ní ebi ń pa àwọn. Wọn ò kúnlẹ̀ fún ère kankan. N ò bá wọn wí, wọ́n ti rí ẹfọ̀n tó ń rìn, tó tún ń jà, nínú fóònù.

Lọ́jọ́ kejì, mo ní nǹkan ṣe ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, mo sì mú àbúrò pátápátá nínú wọn dání. Lẹ́bàá títì, ọdẹ kan na òyà yíyan sókè sí àwọn onímọ́tò. Mo dúró rà á. Mo bi í pé ta ló ni ọrùn rẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ẹni tí orí rẹ̀ ò pé. "Mà, ẹni tó bá sanwó ló ni gbogbo ẹ̀." Òótọ́ ló sọ, mo sì sanwó. Nígbà tiwa, èèyàn a máa bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ yan odì nítorí ọrùn ẹran tí kò tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Nísinsìnyí, kò sẹ́ni tó ń bá ọdẹ jà, nítorí kò sẹ́ni tó ń retí ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí a délé, mo gé ọrùn òyà náà, mo dì í sínú ewé, mo ní kí ọmọ náà sáré gbé e lọ fún Káyọ̀dé. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Màmá," ó ní, "ṣé wọ́n ti sanwó ẹ̀?"