Ọwọ́ Mábù Tí Mo Gbé Kúnlẹ̀

Ọ̀sẹ̀ kẹta mi lẹ́nu iṣẹ́ ni, ní mùsíọ̀mù kan ní Houston. Wọ́n ṣì ń dán mi wò, wọ́n sì ti sọ fún mi pé tí mo bá ba nǹkan kan jẹ́, kí n máa lọ sílé.

Ère obìnrin kan tí àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ ṣe la fẹ́ tò fún àfihàn. Igi ni wọ́n fi gbẹ́ ara rẹ̀, wọ́n wá fi òkúta mábù ṣe orí, ọwọ́ àti ẹsẹ̀, torí aṣọ ló máa bo ìyókù. Ọgbọ́n ahun! Igi ti jẹrà tipẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ní kí n gbé láti orí tábìlì lọ sínú àpótí, ìṣísẹ̀ márùn-ún péré. Mo gbé e mọ́ àyà bí ọmọ tuntun.

Ó ku ìṣísẹ̀ kan nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Bàbá sikiọ́rítì ló wọlé. Alàgbà ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Cypress, àwọn ló sì bá mi wá iṣẹ́ náà. Kí n tó ronú, orúnkún mi ti kanlẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀ sà.”

Kọ́! Ìka mábù gbá etí àpótí. Mi ò lè wò ó.

“Má mira o,” ni bàbá wí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Mo ń gbọ́ bàtà ọ̀gá wa ní kọ́rídọ̀, ko, ko, ko.

“Kò kán. Kò tiẹ̀ họ. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ report ẹ̀.”

Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ wọ́n. Inú sì ń bí mi: ta ni mo tìtorí ẹ̀ kúnlẹ̀?

Ọ̀gá wọlé, bàbá sọ gbogbo rẹ̀, wọn ò fi nǹkan kan pa mọ́. Ọ̀gá náà yẹ ìka wò títí tí òógùn fi bò mí. Níkẹyìn, ó ní kí n máa báṣẹ́ lọ.

Nírọ̀lẹ́, bàbá dá mi dúró níbi tí a ń páàkì mọ́tò sí.

“Tó o bá ti wà lẹ́nu iṣẹ́, má kí mi mọ́. Rárá. Ṣé o gbọ́?”

“Mo gbọ́ sà.”

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ń bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ mi. Mo tẹjú mọ́lẹ̀, mi ò kí wọn. Wọ́n rọra dẹ ẹsẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tó ń retí nǹkan, wọ́n wá kọjá lọ. Iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ó dùn mí wọra.