Àǹtí Tó Ń Wá Wa Wálé

Pẹ́ńsùlù ni Àǹtí tó kọ́ wa nílé ìwé ìjọba ní Limawa fi ń sàmì sí orúkọ ọmọ tí kò bá wá. Kì í nà wá. Tí a bá ṣíwọ́, á lọ sílé ọmọ náà, á béèrè ohun tó dá a dúró, kó tó fi bírò tẹ àmì náà. Nígbà tí ibà dá mi dùbúlẹ̀, ó jókòó tì mí, ó ní, “Sannu, pẹ̀lẹ́. Ẹni tí a ò rí là á wá.”

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè kan, òun ni kò wá. A hó yèè, a gbá bọ́ọ̀lù. Lọ́jọ́ kejì, bọ́ọ̀lù náà ni. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n já ilẹ̀kùn yàrá tó ń dá gbé, wọ́n bá òkú rẹ̀.

Gbogbo wa la mọ ilé náà. Kò sẹ́ni tó lọ béèrè ohun tó dá a dúró.