Funfun Ẹnu Ọmọ Mi

Mo ń sẹ́ ògì lẹ́nu ẹ̀rọ omi ní àgbàlá, ọwọ́ mi funfun dé ìgbọ̀nwọ́, nígbà tí obìnrin tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa yọ orí sí mi láti òkè. Ó ní, “Ìyàwó, fi ògì sílẹ̀. Gílóòbù fọ́ ní yàrá yín, ọmọ ẹ sì wà níbẹ̀. Ẹnu ẹ̀ funfun.”

Àtẹ̀gùn onípákó ni ti ilé ẹbí ọkọ mi ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Bí ẹnì kan bá sáré lórí ẹ̀, gbogbo ilé ló ń gbọ́. Kí n tó dé òkè, ilẹ̀kùn mẹ́ta ti ṣí.

Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́rin, dúró lórí bẹ́ẹ̀dì, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Àga wà lẹ́bàá kọ́bọ́ọ̀dù. Nílẹ̀, gílóòbù tuntun tí mo tọ́jú sókè kọ́bọ́ọ̀dù ti fọ́ yángá, irú èyí tí kì í jẹ iná púpọ̀, tó lọ́ bí ìfun àgbò. Nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun wà lára àfọ́kù rẹ̀. Nǹkan funfun wà létè ọmọ mi àti nímú rẹ̀.

Mo gbé e kúrò níbẹ̀, mo fi ọwọ́ ògì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú, mo ní kó la ẹnu. Ìwà ọgbọ́n kọ́. Nígbà tí mo fi máa wò ó dáadáa, mo ti fi ògì kùn ún débi pé n kò mọ èyí tó jẹ́ ti gílóòbù mọ́, n kò sì mọ èyí tó jẹ́ tèmi.

“Kí lo jẹ?”

Ó pa ẹnu dé. Ọmọ tó jẹ́ pé ó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun.

Ìyá ọkọ mi dé. Àwọn ni wọ́n ti gbọ́ lórí fóònù pé májèlé wà nínú àwọn gílóòbù yìí. Èmi àti ọkọ mi ti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí, a ní gbogbo ohun tí fóònù bá ti sọ ni Ìyá ń gbà gbọ́. Lọ́jọ́ yìí, ta ni yóò rẹ́rìn-ín? Ìgò epo pupa wà lọ́wọ́ wọn kan, síbí wà lọ́wọ́ kejì, ìgbálẹ̀ wà ní abíyá. Lójú tiwọn, kò sí májèlé tí epo ò lè ṣẹ́gun.

Mo pe ọ̀rẹ́ mi tá a jọ jáde ilé ìwé girama, tó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì kan ní Igbosere. Mo gbé ohùn rẹ̀ síta kí Ìyá náà lè gbọ́. Ó ní ká jáde nínú yàrá, ká ṣí fèrèsé, ká pa fáànù. Ó ní mẹ́kúrì, omi dídán inú tẹmómítà àtijọ́ yẹn, ló wà nínú ẹ̀. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ kéèyàn fà á símú, ìgbálẹ̀ ló sì máa gbé e dìde. Ká má gbálẹ̀ rárá. Epo náà ńkọ́? Ká má fún un, torí ó lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Bó bá jẹ́ pé ọmọ ti jẹ nínú ẹ̀, hósípítù ni, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ìyá ní kí n sọ fún un pé epo ti wà kí kẹ́míìsì tó dé. Síbí ti kún. A ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ báyìí, ojú ọmọ mi ò kúrò lára síbí náà.

Ọ̀rẹ́ mi ní, “Má bi í nípa ohun tó jẹ mọ́. Bi í bóyá ó dùn.”

Mo kúnlẹ̀. “Ọmọ mi, ohun tó wà lẹ́nu ẹ yìí, ṣé ó dùn?”

Ó wo síbí. Ó wo mí. “Ó dùn. Ṣùgbọ́n ó lẹ̀ mọ́ mi ní àjà ẹnu.”

Ọ̀rẹ́ mi ti ń rẹ́rìn-ín lórí fóònù kí ọ̀rọ̀ náà tó yé wa. Ìyá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n gbóòórùn ẹnu ẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ra ẹja. Wọ́n ní, “Gílóòbù wo ló ń rùn bíi mílíìkì?”

Mo fa ọwọ́ ẹ̀ jáde. Mílíìkì ti dì mọ́ òógùn àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀. Agolo mílíìkì oníyẹ̀fun tí mo fi pa mọ́ fún un, ẹ̀yìn gílóòbù ni mo gbé e sí, lókè kọ́bọ́ọ̀dù kan náà. Ọmọ na ọwọ́ sí ọ̀kan, ó ti èkejì ṣubú. Ọgbọ́n tèmi nìyẹn.

Ìyá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín títí gèlè fi já bọ́, epo dà sí wọn láṣọ. Ẹnì kan ń bèèrè láti ìsàlẹ̀ bóyá kí òun gbé ṣúgà wá fún gílóòbù náà. Èmi nìkan ni mo sunkún, mo sì ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ kan náà.

Lẹ́yìn tí afẹ́fẹ́ ti wọlé dáadáa, mo ṣe bí ọ̀rẹ́ mi ti kọ́ mi: mo fi ọ̀rá bọ ọwọ́, mo fi páálí gílóòbù náà kó àfọ́kù, mo fi sẹ́lótéèpù mú èyí tó kéré, mo fi tíṣù tútù nu ilẹ̀, mo kó gbogbo ẹ̀ sínú ìgò, mo dé e pa. Ìyá dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìgbálẹ̀ tí wọn ò lè lò, ó dùn wọ́n. Wọ́n kàn ń nàka: “Òmíràn nìyẹn. Òmíràn tún nìyẹn.” Nígbà tí mo dé ìgò náà, wọ́n ní ó ti gbé ibi lọ. Mo ṣe àmín.

Nírọ̀lẹ́, mo gbé ọmọ lọ kí ọ̀rẹ́ mi lè yẹ ẹnu ẹ̀ wò. Kò sí nǹkan kan. Bá a ti ń bọ̀ láti Igbosere, mo pọ̀n ọ́n, bẹ́ẹ̀ ó ti kọjá ẹni à ń pọ̀n. Ó bi mí létí bóyá mo máa nà án.

Mo ní, “Mi ò ní nà ẹ́. Bí mílíìkì bá tán, a ó ra òmíràn. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti bi ẹ́ pé kí lo fi sẹ́nu, dá mi lóhùn kíákíá, ì báà jẹ́ ohun tó o jí. Olè tó bá dá mi lóhùn, mo lè bá a wí. Èyí tó bá dákẹ́, ẹ̀rù ẹ̀ ló máa pa mí. Tí mílíìkì bá sì tún ń wù ẹ́, má gun nǹkan kan. Pè mí, ká jọ lá a.”