Bàálù Wa Lórí Páànù Bẹyẹrúnkà

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan tí ọyẹ́ ń mú, afẹ́fẹ́ gba bàálù ìṣeré wa lọ́wọ́ mi. Mo fa ọ̀pá rìmóòtù sẹ́yìn, mo fà á sọ́tùn-ún, bàálù ò dá mi lóhùn. Ó fò kọjá ògiri pápá ilé-ìwé tí a ti máa ń gbé e sókè, ó ń kéré lọ bí ẹyẹ ẹ̀ga, ó sì wọ àárín àwọn páànù Bẹyẹrúnkà tó ti dógùn-ún. A ò rí i mọ́.

Ọ̀rẹ́ mi tó dúró tì mí ní, "Àlàájì, ó ti lọ ṣe ùmúrà."

Mi ò rẹ́rìn-ín. Fóòmù ni ara bàálù náà, ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ ni egungun apá rẹ̀, odidi ìgbà òjò ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi yìí sì fi kàn án lẹ́yìnkùlé mi ní Ọ̀rányàn. Kí a tó parí rẹ̀ ló ti sọ fún mi pé òun ò ní kan òmíràn mọ́. Tí èyí bá sọnù, mo mọ̀ pé èmi nìkan ni yóò kù ní pápá.

A pọ̀ nígbà kan. Tíṣà wà nínú wa, télọ̀ wà, oníṣẹ́ iná wà. Lọ́jọ́ Sátidé, bí mo bá ti kírun àsùbáà tán, pápá ni mo ń lọ, nítorí pé afẹ́fẹ́ kì í tíì jí ní àkókò yẹn. Àwa Mùsùlùmí á ṣe Bìsìmílà, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì á pe Jésù, bàálù á gbéra. Òfin kan ṣoṣo la ní: ẹni tó gbé e sókè ni yóò lọ bẹ̀ ẹ́ sọ̀kalẹ̀. Bí bàálù rẹ bá bọ́ sórí òrùlé onílé, o ò gbọdọ̀ rán ọmọdé, o ò gbọdọ̀ gun ògiri. Ìwọ fúnra rẹ lo máa ṣí fìlà, kí o wọlé, kí o kí àwọn àgbà, kí o sì tọrọ rẹ̀. Bí mo ṣe di ẹni mímọ̀ ní agboolé púpọ̀ láti Bẹ́ẹ̀rẹ̀ dé Ọjà'ba nìyẹn. Mo ti wá bàálù lọ, kí wọ́n fi mí jókòó síbi ìsọmọlórúkọ, kí n máa ṣe àmín fún ọmọ tí mi ò mọ ẹnì kankan nínú ẹbí rẹ̀. Ọlọ́hun ló fi fóòmù àti gúlúù sọ mí di ọlọ́pọ̀ ará, mo dúpẹ́.

Nígbà tí dróònù, ẹ̀rọ tó ń fò tòun ti kámẹ́rà, dé, ẹni tó kọ́kọ́ rà á nínú wa bẹ̀rẹ̀ sí í fi ya fídíò ìgbéyàwó. A bá a yọ̀, ṣùgbọ́n Sátidé náà ni ìgbéyàwó. A ò rí i mọ́. Òmíràn ní kí ni òun ń lẹ fóòmù fún, nígbà tí èyí tó ń fò fúnra rẹ̀ wà nínú páálí. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń yọ́ lọ bí ọṣẹ ìwẹ̀ títí ó fi ku èmi àti ọ̀rẹ́ mi, tí mo máa ń pè ní Bàbá Ìjọ nítorí oyè rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ rẹ̀ wá fi dróònù ránṣẹ́ sí i láti òkè òkun.

Mi ò lè bínú sí nǹkan náà. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ fi hàn mí, mo rí Gbọ̀ngàn Màpó láti òkè nínú fóònù rẹ̀, mo rí òrùlé ilé-kéwú tí mo lọ ní kékeré. "Súbúhánálláhì" ni mo ń pè títí bátìrì fi tán. Ó dúró sójú kan nínú òfurufú bí ìgbà tí wọ́n fi okùn so ó rọ̀. Bàálù tiwa ò lè dúró rárá. Bí kò bá ti lọ mọ́, ó bọ́ nìyẹn.

Ní òwúrọ̀ Sátidé tí bàálù sọnù yẹn, ọ̀rẹ́ mi ní, "Yéé ronú. Dróònù wà nínú mọ́tò."

Ó gbé e kalẹ̀ sórí koríko pápá, ó fi ìka tẹ fóònù, dróònù kùn lọ sí Bẹyẹrúnkà. Páànù là ń rí nínú fóònù, páànù, aṣọ tí wọ́n sá, páànù. Lójijì, apá funfun yọ.

"Òun nìyẹn!"

A fẹsẹ̀ rìn lọ síbẹ̀. Ojú ọ̀rẹ́ mi wà nínú fóònù, èmi sì di apá rẹ̀ mú kó má bàa kó sí gọ́tà.

"Bàbá Ìjọ, wo ilẹ̀!"

"Ìwọ bá mi wolẹ̀. Òkè ni mò ń wò."

Bó ṣe ń wòkè náà la ṣe wọ agboolé tí bàálù bọ́ sí, tòun ti fìlà lórí, láìkí ẹnì kankan. Ìyá àgbàlagbà kan dúró láàárín àgbàlá, ó na ìgbálẹ̀ sí ojú ọ̀run.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ni nǹkan tó ń kùn bí oyin yìí? Mò ń wẹ ọmọ lọ́wọ́, ó ń wò wá!"

Ọ̀rẹ́ mi ní, "Ẹ má bínú, Màmá, kò wò yín. Bàálù ló ń wò."

"Bàálù wo?"

"Èyí tó wà lórí òrùlé yín."

"Háà! Ẹ tún sọ bàálù lu òrùlé mi? Ẹ wọlé onílé, ẹ ò kí onílé! Ta ló tọ́ yín?"

Ibi tó ti ń sọ̀rọ̀ ni fóònù ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Bátìrì dróònù ti fẹ́ẹ́ tán, ó sì yí padà lókè, ó ń lọ sí pápá tó ti gbéra.

"Ta ló wà níbẹ̀ tó máa gbà á?" ni mo bi í.

"Kò sí ẹnì kankan."

Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó wo òrùlé. Mo rò pé yóò sáré. Ó ki fóònù bọ àpò, ó ṣí fìlà, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì tòun ti ṣòkòtò funfun. "Ẹ kú ìdúró, Màmá. Ẹ dárí jì wá." Èmi náà wólẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìyá náà wò wá, ó bú sẹ́rìn-ín. "Àṣé ẹ̀yin alábàálù ni! Ó pẹ́ tí ẹ ti wálé yìí kẹ́yìn. Mo rò pé ẹ ti kú tán ni."

"A ò kú, Màmá."

"Kí ló wá dé tí ẹ pa wá tì?"

Ọ̀rẹ́ mi yíjú sí òrùlé. Ó bèèrè àkàsọ̀, ó gun òkè lọ, ó sì gbé bàálù sọ̀kalẹ̀. Imú rẹ̀ nìkan ló họ. Ó tú inú rẹ̀ wò. "Wáyà ló yọ, Àlàájì. Kì í ṣe ẹ̀bi ọwọ́ rẹ." Ó fi wáyà náà padà sí àyè rẹ̀.

Màmá ní ọ̀rọ̀ kò tíì parí. "Èyí tó bọ́ nìkan ni mo máa ń rí. Mi ò tíì rí i kó fò rí. Ẹ jẹ́ ká lọ." Ó pọn ọmọ, ó wé gèlè, ó ṣáájú wa dé pápá. Dróònù jókòó jẹ́ẹ́ lórí koríko, ewúrẹ́ kan ń gbóòórùn rẹ̀. Màmá ò tiẹ̀ wò ó. Ó nàka sí ọ̀rẹ́ mi: "Ìwọ olóyin, ìwọ ni kó o gbé e sókè."

Ó ti pẹ́ tó ti di rìmóòtù bàálù mú kẹ́yìn. Mo ṣe Bìsìmílà, ó pe Jésù, mo ju bàálù sókè fún un. Ó yí ká pápá, ó tún yí ká, ó dorí kodò, ó tún dìde. Màmá ń pàtẹ́wọ́, ó ń pariwo, "Rọra o! Ó ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ mi!" Ọ̀rẹ́ mi ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ ilé-ìwé. Ẹ̀rín náà ni ò jẹ́ kó rí ilẹ̀ dáadáa. Bàálù fi apá kan gúnlẹ̀, apá náà sì dá.

Mò ń wo ojú ọ̀rẹ́ mi.

Ó gbé bàálù, ó yí apá tó dá wò. "Ọparun yìí tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Mo sọ fún ẹ nígbà yẹn."

"O ò sọ nǹkan kan."

"Mo sọ! O kì í gbọ́ràn. Fi sílẹ̀, èmi ni mo dá a, èmi ni màá tún un ṣe. Èyí tá a bá máa kàn lẹ́yìn rẹ̀, ọparun tó nípọn la máa lò."

Ó tẹ́ bàálù gbọọrọ sórí ìjókòó ẹ̀yìn mọ́tò, tìṣọ́ratìṣọ́ra. Àlùhámúdùlíláhì, kò ku àyè kankan níbẹ̀ mọ́, èmi ni mo gbé dróònù lé ẹsẹ̀ títí dé ilé.