Oṣù Mẹ́rin Ni Mo Fi Kan Ọkọ̀ Olópòó Mẹ́ta Yìí

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n tú ohun tó ń dùn mí síta. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ti kọ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta náà ni mo ti pa á rẹ́, torí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mò ń bínú sí ìyá àgbà mi. Àmọ́ mò ń bínú o! Ẹ ò rí wàhálà?

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń tẹ̀lé mi tipẹ́ mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti jáde yunifásítì, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà mi ní Kábà ni mò ń gbé. Màmá ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ìtàn ni mo kà. Ẹ sì mọ bó ṣe máa ń rí téèyàn bá sọ pé ìtàn lòun kà: wọ́n á kọ́kọ́ wò ọ́ tàánútàánú, wọ́n á wá bi ọ́ pé ṣé o ti ríṣẹ́ tíṣà.

Ní bí oṣù márùn-ún sẹ́yìn, mo gbọ́ pé ọkùnrin kan fẹ́ ṣí mùsíọ́ọ̀mù kékeré kan ní Lọ́kọ́ja. Ó ń wá ẹni tó mọ ìtàn, tó sì lè fi igi ṣe àfijọ àwọn nǹkan ayé àtijọ́. Mo pè é lórí fóònù. Ó ní kí n kan àfijọ ọkọ̀ ojú omi wá, irú èyí tí àwọn Potogí ń gbé wá sétí òkun wa láyé àtijọ́, tó ní òpó mẹ́ta, tí afẹ́fẹ́ ń tì lọ. Ó fún mi ní oṣù mẹ́rin. Ó ní tó bá dára, iṣẹ́ náà ti di tèmi.

Ṣé ẹ lóye? Kì í ṣe eré ni mo fi ń ṣe. Iṣẹ́ ni mò ń wá!

Bàbá Ràímì, káfíńtà tó wà nítòsí ọjà, ló fún mi ní àjẹkù pákó arère. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n nígbà tí mo ṣàlàyé.

“Fúnkẹ́, omi wo lo fẹ́ gbé e sí ní Kábà yìí? Àbí odò tí wọ́n ti ń fọṣọ?”

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi ò dùn. Mo máa ń ro irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko.

Ẹ ò lè mọ ohun tí ojú mi rí. Mo kọ́kọ́ gbẹ́ igi gígùn ti ìsàlẹ̀ ọkọ̀, mo wá to egungun ìhà rẹ̀ sórí rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bíi ti ẹja. Lẹ́yìn náà ni pákó tín-ín-rín tó máa bò ó. Mo ní láti rẹ wọ́n sínú omi gbígbóná kí wọ́n lè tẹ̀, kí n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n, kí n fi pẹ́ẹ̀gì aṣọ há wọn mọ́bẹ̀ títí gọ́ọ̀mù á fi gbẹ. Nígbà mìíràn, pákó kan ṣoṣo ni mo máa lẹ̀ lóòjọ́. Nígbà mìíràn, á ṣẹ́ kẹ́ẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, màá sì jókòó máa wò ó bí ẹni tí wọ́n já sílẹ̀.

Màmá bi mí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé kí ni mò ń ṣe. Ohun kan náà ni mò ń sọ: “Nǹkan kékeré kan ni, Màmá.”

Kí ló dé tí mi ò sọ òótọ́? Torí ìgbà tí mo sọ fún wọn pé wọ́n pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nu-wò nílé ìwé kan, gbogbo ẹgbẹ́ àdúrà wọn ló gbọ́. Nígbà tí iṣẹ́ náà ò bọ́ sí i, àràárọ̀ ni àwọn ìyá wọ̀nyẹn ń bá mi kẹ́dùn bí ẹni tó ṣọ̀fọ̀. Mi ò fẹ́ irú ẹ̀ mọ́. Mo rò pé tí mo bá dákẹ́, tí kò bá sì bọ́ sí i, èmi nìkan ni yóò dùn.

Nígbà tó ku bí ọ̀sẹ̀ kan, mo rí ìyẹ̀fun igi fúlẹ́fúlẹ́ lábẹ́ ọkọ̀ náà. Kòkòrò! Mo figbe ta pé kòkòrò máa jẹ gbogbo nǹkan tí mo ṣe. Màmá tó wà ní kíṣìnnì dáhùn pé kí n fọkàn balẹ̀, pé ìyẹn ò le. Mo rò pé wọ́n kàn ń tù mí nínú ni.

Mo lọ sí Mópà, sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi tó ní ẹ̀rọ ìránṣọ, kó lè bá mi ṣẹ́ etí àwọn aṣọ ìgbòkun ọkọ̀ náà. Ọjọ́ méjì ni mo lò. Nígbà tí mo dé, mo kí Màmá bí a ṣe ń kíra ní Kábà, “Okun o, Màmá,” mo sì wọ yàrá. Orí tábìlì mi ṣófo!

“Màmá, ọkọ̀ mi dà?”

Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín. Wọ́n fà mí lọ́wọ́ lọ sí kíṣìnnì, wọ́n nawọ́ sókè. Lórí àjà tó wà lókè ààrò, láàárín àgbàdo tí wọ́n máa gbìn lọ́dún tó ń bọ̀ àti àwọn ẹ̀rú ọkọ́, ni ọkọ̀ mi wà, tó dúdú kirikiri.

“Kòkòrò kankan ò ní fẹnu kàn án mọ́ láéláé,” ni Màmá wí.

Òótọ́ ni o, èéfín ń lé kòkòrò. Ibẹ̀ ni gbogbo ilé ní àdúgbò wa ń kó nǹkan tí wọn ò fẹ́ kí kòkòrò jẹ sí. Àmọ́ ooru ti yọ́ gọ́ọ̀mù mi! Pákó ti là sọ́tùn-ún sósì. Òpó àárín ti dà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Gbogbo òwú tí mo so mọ́ àwọn òpó ti rún jọ.

Mo pariwo mọ́ wọn. Mi ò ní purọ́. Mo ní, “Ta ló ní kí ẹ fọwọ́ kàn án?” Ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde, sí Màmá! Wọ́n kàn ń nu ọwọ́ wọn mọ́ ìró.

Mo gbé e sáré lọ bá Bàbá Ràímì. Wọn ò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n ní èéfín ti wọ ara igi, pé gọ́ọ̀mù tuntun ò ní mú un dáadáa àfi tí mo bá ha gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ méjì péré ló kù. Mo ha á títí ọwọ́ mi fi bó.

Mo gbé e lọ sí Lọ́kọ́ja nínú páálí, lórí itan mi. Kí ọkùnrin náà tó wò ó, ó ti ń fín imú.

“Ẹja yíyan lo gbé wá ni?”

Mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ẹ mọ̀ mí, mo ṣàlàyé ju bó ṣe yẹ lọ, láti orí kòkòrò dé orí Màmá. Ó fi ìka kan ti òpó àárín, òpó náà sì mì. Ó ní òun rí i pé mo gbìyànjú, àmọ́ ẹlòmíràn ti gbé tirẹ̀ wá láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ó parí.

Nígbà tí mo délé, Màmá bi mí ibi tí mo lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n jókòó sórí àpótí.

“Iṣẹ́ lo fẹ́ fi wá? Mo rò pé ohun tí o fi ń pa ìrònú rẹ́ ni. Mo fẹ́ kó pẹ́, kí àwọn ọmọ rẹ lè bá a.”



Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ò dùn mọ́ mi. Èmi tí mò ń ṣàlàyé gbogbo bó ṣe ń ṣe mí fún ẹ̀yin tí a ò tíì fojú kanra, mi ò lè sọ gbólóhùn kan fún ẹni tí mò ń jẹ oúnjẹ rẹ̀. Ẹ bá àwọn ará ilé yín sọ̀rọ̀, kódà tí ojú bá ń tì yín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́ pé kí n má bínú mọ́. Mo ṣì ń bínú, mi ò kàn mọ ẹni tí mò ń bínú sí mọ́ ni. Ẹ sọ tiyín fún mi nísàlẹ̀ níbí: kí ni ẹ fi pamọ́ fún ẹni tó fẹ́ràn yín, tí ìfẹ́ náà sì wá bà á jẹ́? Gbogbo rẹ̀ ni màá kà.