Òdòdó Tí Kò Lórúkọ Lórí Sàréè Vendel

Vendel, àbúrò mi, kú lọ́sẹ̀ tó kọjá. A ti sin ín. Ilé iṣẹ́ ìwádìí tó fi gbogbo ọpọlọ rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún ní Budapest kò sì tíì sọ pé òkú àwọn ni.

Ta ni kò mọ àṣà wa ní Hungary níbí? Bí ọ̀mọ̀wé bá kú, ilé iṣẹ́ rẹ̀ á kéde pé, "Òkú wa ni." Wọ́n á sin ín, wọ́n á sọ̀rọ̀ rẹ̀ létí sàréè. Àwọn ọ̀gá wọ̀nyí ṣe é fún adènà wọn lọ́dún tó kọjá. Kí ni Vendel jí?

Nígbà tá a wà ní kékeré, à ń bá bàbá wa so ata mọ́ okùn, ká lè fi kọ́ sábẹ́ òrùlé. Vendel á tò ó nílà-nílà, á máa wá iye tí kò ṣeé pín dọ́gba. Bó bá rí i, á máa rẹ́rìn-ín. Bàbá á ní, "Ata ni mo ní kó o so, mi ò ní kó o fẹ́ ẹ níyàwó."

Irú nọ́ńbà alágídí bẹ́ẹ̀ ló fi ṣe kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń ti ọ̀rọ̀ àṣírí pa, kí ẹlòmíì má bàa rí i kà. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ti ìwádìí náà mọ́nú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n ní kò gbọdọ̀ la ẹnu. Nígbà tó yá, àwọn ará òkèèrè rí ohun kan náà, gbogbo ayé pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ilé mi ló ti gbọ́ ọ lórí rédíò. Ìgbà yẹn ló tó ṣàlàyé fún mi: èèyàn lè mú méjì nínú àwọn nọ́ńbà alágídí yẹn, kó fi èkíní lọ́po èkejì wẹ́rẹ́, àmọ́ kí ẹlòmíì tó rí méjèèjì tú jáde látinú èsì rẹ̀, á ti hu ewú. Lẹ́yìn náà ó lọ bomi rin tòmátì.

Ọkùnrin kan ṣoṣo ló ti Budapest wá síbi ìsìnkú, ó gbé òdòdó tí wọ́n hun róbótó bí òṣùká. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó yẹ kí orúkọ olùfúnni wà lára rẹ̀ funfun báláú. Mo bi í pé ta ló rán an.

"Bàbá, wọ́n ní kí n má sọ."

"Òkú ò lè tú àṣírí mọ́. Kí lẹ wá ń bò?"

Ó gbé òdòdó náà sórí sàréè, ó sì bá tiẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ọ̀gá Budapest, kí lẹ ń bò, àbí ìtìjú yín ni? Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lẹ ṣì fi ń ti ilẹ̀kùn yín.

Mo ti gbé òdòdó yín kúrò lórí sàréè. Màá gbé e wá sẹ́nu ọ̀nà yín, màá sì jókòó tì í. Ẹ bi ará abúlé wa bóyá mo máa ń tètè dìde. Kí ọ̀gá yín mú gègé jáde wá, kó kọ orúkọ ilé iṣẹ́ yín sára aṣọ yẹn níṣojú mi, kó sì pariwo rẹ̀ kí gbogbo àdúgbò gbọ́: Vendel, òkú wa ni.